Ọ̀nà wo la lè gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n máa ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, kí wọ́n má kàn máa há ìwé sórí?

TíṣàSáyẹ́ǹsì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 ni mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n tó 45 nínú kíláàsì kan, ìṣẹ́jú 40 sì ni àkókò wa. Tí mo bá ní "Kí là ń pè ní báyìí-báyìí?", ọwọ́ á yọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á ka ohun tó wà nínú ìwé jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní "Kí ló fà á?" tàbí "Báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?", kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn mẹ́ta kan náà ló máa ń dáhùn, àwọn tó kù á máa wò mí lójú títí màá fi sọ ọ́ fúnra mi. Nínú ìdánwò, tí mo bá yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ wọn lójú nìyẹn.

Ohun tí mò ń wá ni ọ̀nà tí mo lè lò láàárín iṣẹ́ gan-an, tí kò ní dá sílébọ́ọ̀sì dúró. Ẹ bá mi sọ ọ́ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì sọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n "máa gbà wọ́n níyànjú láti ronú". Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

ÌyáTíṣà dáhùn:

Ẹ kú làálàá. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń tẹ̀lé ìbéèrè yín. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì. Ó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ náà kọ́ láti dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tí kì í dáhùn rárá sì dínkù.

Ibi méjì ni ìdúró yìí wà o. Àkọ́kọ́ ni lẹ́yìn ìbéèrè yín. Èkejì ni lẹ́yìn ìdáhùn ọmọ, èyí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló lágbára jù. Ká ní ẹ béèrè ìdí tí irin kan kò fi lè gba inú ihò tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ní "Torí pé irin náà gbóná ni." Tí ẹ bá ti sọ pé "O káre!", ọ̀rọ̀ ti parí, ìrònú àwọn 44 tó kù sì ti parí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ẹ máa wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà púpọ̀ á fi kún un fúnra rẹ̀: "…tó bá gbóná, á fẹ̀, kò ní lè gba inú ihò yẹn mọ́." Apá kejì yẹn ni ẹ̀ ń wá.

Fún èèyàn 45, ìdúró nìkan ò tó. Ẹ lo ọ̀nà tí Frank Lyman, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1981: kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dá ronú, kó bá ẹnìkejì sọ ọ́, kí gbogbo kíláàsì wá gbọ́. Ẹ kọ ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù, ẹ má fẹnu sọ ọ́ nìkan. Ìṣẹ́jú kan ni kí wọ́n fi kọ èrò wọn sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìlà kan péré ti tó. Ìṣẹ́jú méjì ni kí wọ́n fi bá ẹni tó jókòó tì wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má béèrè ẹni tó fẹ́ nawọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ pe orúkọ, kí ẹni tí ẹ pè sì sọ ìdí tí *ẹnìkejì rẹ̀* mú wá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fetí sílẹ̀ síra wọn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: tí ẹ bá fo ìkọ̀wé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá nínú àwọn méjèèjì ló máa ronú, èkejì á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Tí ẹ bá fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún dípò méjì, ọ̀rọ̀ á ti kúrò lórí iṣẹ́. Tí ẹ bá sì kọ́kọ́ pe orúkọ kí ẹ tó béèrè, ẹni tí ẹ pè nìkan ló ń ronú. Ìsinmi ti dé fún àwọn tó kù. Ìbéèrè ló ń ṣáájú, ìdúró ló tẹ̀lé e, orúkọ ló ń gbẹ̀yìn.

Olùkọ́Bàólọ́jì dáhùn:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ÌyáTíṣà sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan pàtó kún un, torí ọmọ ò lè ro òfo. Ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn, kí ó sì ní iye nínú.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ, ẹ má tíì sọ ìtumọ̀ kankan. Ẹ kọ èyí sójú bọ́ọ̀dù. Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ kan, ará ilẹ̀ tí à ń pè ní Belgium lónìí, gbin igi willow kékeré kan sínú ìkòkò ńlá. Ìwọ̀n igi náà tó kílò 2.3. Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò tó kílò 90, ó sì ti yan án gbẹ kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Omi nìkan ló ń bu sí i, ó sì fi irin bo ẹnu ìkòkò kí eruku má baà wọlé. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti di nǹkan bíi kílò 77.

Ẹ dúró níbẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ ọ́ sílẹ̀: "Níbo ni nǹkan bíi kílò 74 tó kún igi náà ti wá?" Ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀pọ̀ á kọ iyẹ̀pẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ wá kọ ìlà tó kù: iyẹ̀pẹ̀ náà kò fi ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ dínkù.

Àbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Láìsí i, gbogbo wọn á ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i pé èrò òun yí padà. Ẹ ní kí wọ́n má pa á rẹ́, kí wọ́n kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iye tó mú wọn yí i padà.

Wọ́n á wá fò sórí omi. Ohun tí van Helmont náà sọ nìyẹn. Ẹ má sọ pé ó tọ́, ẹ má sì sọ pé kò tọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdúró tirẹ̀. Kí ni gbogbo nǹkan tó kan igi náà fún odidi ọdún márùn-ún? Èwo nínú wọn ló wọ̀n, èwo ni kò wọ̀n? Kí la lè ṣe ká fi mọ̀ bóyá èyí tí kò wọ̀n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ìbéèrè kẹta yìí ni kí ẹ fún ní àkókò jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Àwọn kan á ní kí a gbé igi sínú ibi tí afẹ́fẹ́ kankan ò sí. Àwọn mìíràn á ní kí a yọ oríṣi afẹ́fẹ́ kan péré kúrò, kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn jiyàn lórí èyí tó dára jù. Tí wọ́n bá dé ibi tí ẹnì kan ti sọ pé "Tí a bá yọ gbogbo afẹ́fẹ́, tí igi bá kú, a ò ní mọ èyí tó pa á nínú wọn," wọ́n ti fúnra wọn rí ìdí tí a fi ń yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan nínú àyẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ sójú bọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà tí kò yé wọn nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ nípa carbon dioxide, oríṣi afẹ́fẹ́ tí ewé ń fà wọlé láti fi ṣe oúnjẹ. Kí ẹ sì ṣe ìdájọ́ òdodo fún ọkùnrin náà: ẹ̀rí rẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀ jáde lóòótọ́, omi sì wà nínú igi tútù púpọ̀. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó yọ ẹnìkan nínú àwọn tí a fura sí kúrò, ó wá gbà pé ẹni tí òun rí lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. (Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé van Helmont yìí kan náà ló mú ọ̀rọ̀ náà "gas" wọ inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó sì mọ̀ pé èédú tó ń jó ń tú irú afẹ́fẹ́ kan jáde, èyí tí à ń pè ní carbon dioxide lónìí. Ó ní ìdáhùn náà lọ́wọ́, kò so ó pọ̀ mọ́ igi rẹ̀.)

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ojú olùkọ́. Tí ojú yín bá tàn nígbà tí ọmọ kan dárúkọ afẹ́fẹ́, ó parí. Wọ́n á fi ẹ̀rí sílẹ̀, wọ́n á máa ka ojú yín.

AdéÌṣirò dáhùn:

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó yára ju ìyẹn lọ, tí ẹ lè kì bọ àárín iṣẹ́ èyíkéyìí fún ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ, ẹ wo ọ̀nà tí Eric Mazur bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1991 láti kọ́ físíìsì. Ẹ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó ní ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n lè yàn nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ: yìnyín léfòó nínú ife omi tó kún dé etí. Tí yìnyín náà bá yọ́ tán, (1) omi á ya, (2) omi á lọ sílẹ̀, (3) omi á wà bó ṣe wà.

Kí olúkúlùkù ronú fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo wọn wá fi ìka sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà: ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta. Àyà ni mo wí, kì í ṣe òkè orí, kí ará ẹ̀yìn má baà wo tará iwájú. Ẹ kà á láàárín ọkàn yín. Nínú èèyàn 45, tí àwọn tó gbà á kò bá tó nǹkan bíi 14 (ìdá 30 nínú 100), ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ò tíì wọlé, ẹ padà kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ju 31 lọ (ìdá 70), ẹ ṣàlàyé ní ṣókí kí ẹ máa lọ. Àárín méjèèjì yẹn ni ibi tó dùn. Ẹ ní kí kálukú wá ẹni tí ìka rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ nítòsí, kó fi ìdí yí i lọ́kàn padà láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tún nàka.

Ẹ má sọ iye ẹni tó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jiyàn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé èèyàn 25 yan (1), ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀lé, kì í ṣe ìdí.

Ìdáhùn tó tọ́ ni (3), torí ìwọ̀n omi tí yìnyín tó léfòó ń tì kúrò nípò bá ìwọ̀n yìnyín náà dọ́gba. Ẹ wá yí i padà lójú ẹsẹ̀: tí yìnyín náà bá wà lórí òkúta tó yọrí jáde lójú omi ńkọ́? Á ya, torí yìnyín náà kò tíì ti omi kankan kúrò nípò. Tí omi inú ife bá jẹ́ omi iyọ̀ ńkọ́? Á ya díẹ̀, torí omi iyọ̀ ki ju omi tí yìnyín yọ́ sí lọ. Yíyí tí ẹ yí i yìí gan-an ni oògùn ìṣòro ìdánwò tí ẹ sọ. Ọmọ tí kò bá tíì bá ìbéèrè tó yí padà pàdé rí nínú kíláàsì kò lè mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Iṣẹ́ gidi wà nínú àwọn ìdáhùn tí kò tọ́. Ẹ kó wọn jọ láti inú ìwé ìdánwò tí wọ́n ti kọ sẹ́yìn. Àṣìṣe tí ọmọ gidi ṣe máa ń fa iyàn. Èyí tí olùkọ́ bá kàn hùmọ̀, wọ́n á rí i lókèèrè pé irọ́ ni.

ỌmọÌtàn dáhùn:

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan sí i kí ẹ má baà lọ ra ìwé àlọ́ àpamọ̀. Daniel Willingham, onímọ̀ nípa ìṣesí ọpọlọ, kọ ọ́ ní ọdún 2007 pé ìrònú jinlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ kọ́ níbì kan tí á kàn máa lò níbi gbogbo. Ó rọ̀ mọ́ ìmọ̀ tí ọmọ ní nípa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń yẹ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wò lè gba irọ́ gbọ́ pátápátá nínú ìtàn. Nítorí náà, ẹ má fi àkókò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún "ẹ̀kọ́ ìrònú". Ẹ fi í sínú iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní tààràtà: "Ohun tí a ṣe tán yìí ni pé a wá ohun tó lè já èrò wa nírọ́." Tí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀, wọn ò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá tún pàdé rẹ̀.

Eré kan wà tí mo gbà pé ó yẹ fún ìgbà kan péré, láti fi àléébù kan hàn wọ́n. Peter Wason, onímọ̀ nípa ìṣesí ọpọlọ kan, ló ṣe é jáde ní ọdún 1960. Ẹ kọ 2, 4, 6 sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ ní òfin kan wà lọ́kàn yín tí nọ́ńbà mẹ́ta yìí tẹ̀lé. Kí wọ́n máa dábàá nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ óò máa dáhùn "ó tẹ̀lé e" tàbí "kò tẹ̀lé e" nìkan. Wọ́n á dá 8, 10, 12. Wọ́n á dá 20, 22, 24. Gbogbo rẹ̀ á tẹ̀lé e, wọ́n á sì fi ìdánilójú kéde pé fífi méjì-méjì kún un ni òfin náà. Rárá o: nọ́ńbà tó ń ga sí i ṣáá ni. 1, 7, 300 náà tẹ̀lé e. Ẹ bi wọ́n: nọ́ńbà wo ni ì bá ti já èrò yín nírọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá a? Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn di tiyín nínú gbogbo iṣẹ́: "Ta ló ní 1, 7, 300 fún èrò yìí?"

Fún ọ̀rọ̀ tó ní ìhà méjì, ọ̀nà tí David àti Roger Johnson gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota sàn ju àríyànjiyàn oníjà lọ. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Wọ́n á gbèjà ìhà tí ẹ fún wọn, wọ́n á wá *pààrọ̀ ìhà*, kí wọ́n gbèjà èyí tí wọ́n ń ta kò. Níkẹyìn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ kọ ohun tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn jù. Tí ẹ bá yọ pípààrọ̀ yẹn kúrò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju kí á wá ẹni tó borí.

TíṣàSáyẹ́ǹsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san ẹ̀san rere. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe máa máàkì irú iṣẹ́ yìí fún èèyàn 45 láìkú sídìí ìwé? Kí ni mo sì máa ṣe pẹ̀lú ọmọ tó bá sọ pé "Mi ò mọ̀" tó sì fọwọ́ lẹ́rán?

ÌyáTíṣà:

Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, máàkì mẹ́rin. Ọ̀kan fún ohun tó sọ, ọ̀kan fún ẹ̀rí tó mú látinú iye tí ẹ fún un, méjì fún ohun tó so ẹ̀rí mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo irú èyí: a bu omi gbígbóná tí ooru rẹ̀ jẹ́ 80°C sínú ife méjì tó dọ́gba, a dé ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tí a dé jẹ́ 68°C, èyí tí a ò dé jẹ́ 59°C. Kí ló fà á?

Ọmọ kan kọ pé: "Èyí tí a dé gbóná jù torí ìdérí máa ń jẹ́ kí nǹkan gbóná." Máàkì kan péré. Kò lo iye kankan, ìdí tó mú wá sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó tún sọ lọ́nà mìíràn. Èkejì kọ pé: "Èyí tí a dé pàdánù ìwọ̀n 12, èyí tí a ò dé pàdánù 21. Oru omi tó ń fò lọ máa ń gbé ooru lọ, ìdérí ló ń dá a dúró." Ó gba mẹ́rin. Ẹ kọ méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí kíláàsì máàkì wọn kí ẹ tó sọ tiyín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìwé, kí wọ́n máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó so ẹ̀rí pọ̀. Tí wọn ò bá rí ibi tí wọ́n máa fà á sí, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ yẹ mẹ́wàá wò lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ yan ti àwọn mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ sì rí i pé irú ìbéèrè yìí wà nínú ìdánwò yín gan-an, torí ohun tó bá lérè nínú ìdánwò ni ọmọ ń kọ́.

Ní ti "Mi ò mọ̀": ẹ má bínú, ẹ má sì jẹ́ kó lọ. Ẹ ní, "Kò burú, máa gbọ́, mò ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ." Ẹ pe àwọn méjì mìíràn tí ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ wá padà: "Nínú ohun tí àwọn méjèèjì sọ, èwo lo fara mọ́? Kí ni èkejì gbàgbé?" Ó ti ní ohun tó lè dì mú báyìí. Tó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò yé e, ẹ ní kó sọ ibi tó yé e dé. Ẹ máa padà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé "Mi ò mọ̀" kì í gba èèyàn lọ́wọ́ ìbéèrè.